Níbo Ni Ìbọn Ń Sùn Lóru?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Yóò ní, kí ni ìwé ìròyìn ìdílé ń wá ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìbọn? Ẹ jẹ́ kí n fèsì kí a tó rìn jìnnà. Bí olè bá fọ́ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Balógun, aláṣọ ni yóò sunkún. Bí wọ́n bá fọ́ ti oníwúrà, oníwúrà ni yóò ka àdánù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọ́ ṣọ́ọ̀bù oníbọn, oníṣọ́ọ̀bù yóò sunkún lónìí, ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò sì sunkún lọ́la. Ìbọn tí a jí kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó jí i. Ó ń rìn ni. Ó lè rìn dé Ìkòròdú, ó lè rìn dé ojú ọ̀nà Ìbàdàn, kí ó sì padà wá kan ilẹ̀kùn ìyá kan ní Òkè Pópó ní aago méjì òru. Nítorí náà ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìbọn tí kò ní ìwé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Rárá o. Ẹni tí ó ń ta ìbọn láìgba àṣẹ, ọ̀daràn ni, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà. Ẹni tí mo ń bá wí ni oníṣòwò tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tí ó ń ta ìbọn ọdẹ àti ọta rẹ̀ fún ẹni tí ó bá mú ìwé àṣẹ wá. Mo sì ń bá ìyàwó rẹ̀ wí, àti àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ bí ti aláṣọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó láti da àdúgbò rú. Bàbá tí ó sì ní ìbọn ọdẹ kan ṣoṣo nínú yàrá rẹ̀, kí òun náà tẹ́tí sílẹ̀, nítorí olè kò ka ìyẹn sí kékeré.

Ìbọn kì í ṣe àjèjì sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn àgbà ṣì ń sọ ìtàn ogun Ahóyaya, nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì da ìbọn bo ìlú yìí ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọdún 1851, tí àwọn ènìyàn Ọba Kòsọ́kọ́ sì fi àgbá àti ìbọn dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí Èkó ti bọ́ sábẹ́ ìjọba òyìnbó, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn mìíràn pàdé ní ìlú Brussels, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní ọdún 1890. Àdéhùn náà ní kí ìbọn ìgbàlódé má ṣe wọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ àwa ènìyàn dúdú mọ́. Ó tún ní kí ìbọn tí a bá gbà láyè kí ó wọlé kọ́kọ́ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tí ìjọba ń ṣọ́, kí oníṣòwò má sì rí ọ̀kan mú jáde níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa náà mọ̀ pé ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ ọmọlákejì kì í fẹ́ kí onílẹ̀ ní ìbọn tí ó dára ju tirẹ̀ lọ. Bí ó ti wù kí ó rí, ìbéèrè kan wà nínú ìwé náà tí ó wúlò fún wa títí di òní, òun ni pé: níbo ni ìbọn ń sùn?

Òfin ìbọn ti Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, béèrè ohun kan náà. Abẹ́ òfin yìí ni oníbọn gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀, kí ó sì máa kọ gbogbo ohun tí ó rà àti ohun tí ó tà sínú ìwé. Òfin náà ní kí a má ṣe fún àwọn ènìyàn kan ní ìwé àṣẹ rárá: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 tí ó ṣáájú. Òfin yìí náà ni ó sọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú ìbọn ti ìjọba, níbi tí ènìyàn lè fi ìbọn rẹ̀ pamọ́ sí. Ẹ wo bí wọ́n ti ṣa àwọn ènìyàn tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kan ìbọn. Olè tí ó bá fọ́ ṣọ́ọ̀bù ti fo gbogbo ọgbà yìí ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí ó bi í bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó, kò sí ẹni tí ó wò ó bóyá ó ti mutí.

Ẹ̀sìn wa náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, Súrà An-Nisá'i, ẹsẹ 102, Ọlọ́run kọ́ Ànábì wa bí wọn yóò ti máa kírun lójú ogun. Ọ̀wọ́ kan yóò kírun, ọ̀wọ́ kejì yóò máa ṣọ́ wọn, ohun ìjà kò sì ní kúrò lára wọn, nítorí pé ohun tí ọ̀tá ń retí ni ìṣẹ́jú tí wọn yóò gbàgbé ohun ìjà àti ẹrù wọn. Ẹ kíyè sí i. Ìrun tí í ṣe òpó ẹ̀sìn, a pín àwọn tí ń kí i sí méjì nítorí ìṣọ́. Ta wá ni oníbọn tí yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, tí yóò ní Ọlọ́run yóò bá òun ṣọ́ ọ? Mo ti rí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n so tírà mẹ́ta sí lókè, tí àgádágodo tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò ju èyí tí a fi ń ti àpótí aṣọ lọ. Tírà kò dí ihò ara ògiri.

Ara ògiri gan-an ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń náwó sórí ilẹ̀kùn, wọn a ra irin, wọn a ra àgádágodo ńlá, inú wọn a sì balẹ̀. Kólékólé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wo ilẹ̀kùn. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé fara ti ilé. Ògiri kan ni ṣọ́ọ̀bù méjì ń lò, àwọn kan nínú ògiri náà sì jẹ́ ti àtijọ́, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n rẹ́ sí i lára. Ẹni tí ó bá rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, tàbí tí ó bá wọ inú ṣọ́ọ̀bù tí ó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lè fi ìdajì òru gbẹ́ ògiri wọlé láìfọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn a gba orí páànù wọlé, yóò ṣí páànù méjì, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ àjà, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù bí ológbò. Òmíràn kò tilẹ̀ ní fọ́ nǹkan kan. Yóò wọlé ní ìrọ̀lẹ́ bí oníbàárà, yóò sá pamọ́ sẹ́yìn ẹrù, wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, yóò wá máa ṣílẹ̀kùn láti inú fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí èyí, kí oníbọn tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní alẹ́, kí ó yẹ gbogbo kọ̀rọ̀ wò, títí kan ilé ìyàgbẹ́. Kí ó fi irin wayawaya sábẹ́ àjà. Kí ó mọ ẹni tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù òsì àti ẹni tí ó wà ní ti ọ̀tún, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì kó jáde, kí ó béèrè lọ́wọ́ onílé ẹni tí ń bọ̀.

Èmi tí mò ń pe ìrun àsùbáà mọ ohun tí mo ń wí nípa òru. Mẹ́gáàdì tí ń fọn fèrè láago méjìlá, ní aago mẹ́rin ó ti fẹ̀yìn ti ògiri, ẹnu rẹ̀ ti là. Bí iná ìjọba bá sì lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ogún bá ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò gbọ́ ìró òòlù lára ògiri? Ariwo yẹn gan-an ni aṣọ tí olè fi ń bora. Nígbà tí mo bá ń kọjá, àwọn tí mo máa ń bá tí ojú wọn dá ṣáká ni àwọn ìyá tí ń po àkàrà sílẹ̀ fún òwúrọ̀. Wọ́n mọ ẹni tí ń gbé àdúgbò, wọ́n mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀ rí. Bí mo bá jẹ́ oníbọn, èmi ìbá máa ra àkàrà lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ pé n kò jẹ ẹ́, ìbá sì fi nọ́ńbà fóònù mi sí wọn lọ́wọ́. Mẹ́gáàdì dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ méjì tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí ọ̀gá sì máa yọ sí wọn lójijì.

Ní báyìí, níbo ni kí ìbọn sùn? Kì í ṣe inú àpótí gíláàsì tí oníbàárà ń wò lọ́sàn-án. Nígbà tí a bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, kí gbogbo ìbọn kúrò níbẹ̀, kí a sì fi àpótí gíláàsì náà sílẹ̀ lófìfo, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí, kí iná kékeré kan máa tàn sí i. Olè tí ó bá yọjú lójú fèrèsé yóò rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sì ní fọ́ gíláàsì lásán. Inú àpótí irin tí ó nípọn, tí a fi bóòtù dè mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì àti mọ́ ògiri, ni kí ìbọn sùn, nínú yàrá inú tí kò ní fèrèsé. Àpótí irin tí a kò dè mọ́lẹ̀, ẹrù lásán ni. Ọkùnrin mẹ́rin yóò gbé e tìbọntìbọn, wọn yóò lọ jókòó tì í ní ibi tí wọ́n bá fẹ́. Kí ọta má ṣe sùn nínú àpótí kan náà pẹ̀lú ìbọn. Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn oníbọn ilẹ̀ mìíràn ń lò. Ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu méjì ṣeé tú sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹnu rẹ̀, ìdí rẹ̀, àti igi kékeré tí ó wà lábẹ́ ẹnu náà. Bí a bá kó gbogbo igi kékeré wọ̀nyí sí ibòmíràn lóru, olè tí ó kó ìyókù lọ kó ìbọn tí kò pé lọ ni.

Ní ti ọ̀sán, olè ọ̀sán a máa rẹ́rìn-ín. Yóò wọ agbádá, yóò ní kí a kó ìbọn mẹ́ta sílẹ̀ kí òun fi wé ara wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò máa béèrè ọta lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ lápá kejì. Ẹ má kó mẹ́ta sílẹ̀. Ọ̀kan ni kí ẹ gbé jáde, kí a dá a padà kí a tó gbé òmíràn, kí èyí tí ó wà lára ògiri sì ní ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín tí ó gba inú irin tí ń dáàbò bo ìfà rẹ̀ kọjá. Kí ìbọn àti ọta má ṣe bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù láé. Ànábì wa kọ̀ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi idà tí ó ti jáde nínú àkọ̀ lé ara wọn lọ́wọ́. Ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ ju idà lọ. Kí a sì kọ́kọ́ rí ìwé àṣẹ kí a tó ṣí àpótí. Ẹni tí ó bá ń bínú pé a béèrè ìwé lọ́wọ́ òun, ẹ jẹ́ kí ó bínú lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Gbogbo ìbọn ní nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sí i lára. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà nínú ECOWAS tilẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn ní Àbújá ní ọdún 2006, pé ìbọn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀ tí a ó fi máa dá a mọ̀. Nọ́ńbà yìí ni orúkọ ìbọn. Bí wọ́n bá jí i tí a kò sì mọ nọ́ńbà rẹ̀, ó ti di ọmọ tí kò ní bàbá. Bí ọlọ́pàá bá rí i gbà lọ́wọ́ ìgárá, kò sí ẹni tí yóò lè wí pé ilé báyìí ni ó ti jáde. Kí a kọ nọ́ńbà sínú ìwé méjì, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nílé. Kí a sì máa ka ìbọn ní alaalẹ́. Mo tún un wí, ní alaalẹ́. Kì í ṣe ìparí oṣù, kì í ṣe ìgbà tí ará bá ń fu wá.

Ẹ gbọ́ ohun tí àìkà ń fà. Ní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Àgbà ní Àbújá pe àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá, wọ́n bi wọ́n léèrè nípa ìbọn 3,907 tí Olùyẹ̀wé-owó-wò Àgbà fún Ìjọba Àpapọ̀ kọ sínú ìròyìn rẹ̀ fún ọdún 2019 pé òun kò rí àlàyé gidi lórí wọn. Ẹ wò ó, àwọn ọlọ́pàá ni a ń wí yìí, tí wọ́n ní ilé ìkóbọnsí, tí wọ́n ní ẹ̀ṣọ́. Ìwé kò bá ohun tí ó wà nílẹ̀ mu, ìyẹn sì ni ìbéèrè. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ìbọn ti pọ̀ lọ súà, òfin sọ pé bí oníbọn bá mọ̀ pé ìbọn òun sọnù, tàbí pé wọ́n jí i, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ kí ó tó sọ fún àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn àti fún ọlọ́pàá àdúgbò. Ẹni tí kì í kà, báwo ni yóò ṣe mọ̀? (Àwọn olè ibẹ̀ a máa wa mọ́tò lu ojú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè wọlé, débi pé àwọn kan ń gbin òpó irin sínú sìmẹ́ńtì níwájú ilẹ̀kùn. Nínú àwọn ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn Ẹnu Ọwá, ẹni tí ó bá rí àyè wa mọ́tò dé ìdí ògiri ti gbìyànjú.)

Lẹ́yìn ìwé ni kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́ ni ènìyàn. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọmọṣẹ́ tí ó lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé, ó mọ ìgbà tí o máa ń lọ sí ilé ìfowópamọ́, ó mọ pátákó tí ó ti jẹrà lókè àjà. Èmi kò sọ pé kí a máa fura sí ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira, lẹ́yìn tí a bá ti gbàdúrà fún un tán, tí a sì ti pín ìrẹsì tán, kí a pààrọ̀ gbogbo àgádágodo. Bí a bá ṣe é fún gbogbo ọmọṣẹ́ láìyọ ẹnì kan sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kà á sí àbùkù. Àpótí irin náà, ó dára kí ó ní kọ́kọ́rọ́ méjì tí ó yàtọ̀ síra, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá, kí èkejì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò sí lábẹ́ òrùlé kan náà. Bí adigunjalè bá mú ọ̀gá nílé lóru, kò ní lè ṣí i, bí ó tilẹ̀ fẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín wàyí. Ní ọ̀pọ̀ ilé Ìsàlẹ̀ Èkó, ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà, òkè ni ìdílé ń gbé. Ìyàwó ni ó ń sùn lórí ìbọn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ ni kì í sọ nǹkan kan fún ìyàwó wọn nípa ọjà yìí, wọn a ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìyàwó tí kò mọ iye ìbọn tí ó wà nísàlẹ̀ kò lè mọ̀ pé ọ̀kan ti dín. Ìyàwó tí ó bá mọ ìwé kà ni ó yẹ kí ó máa di ìwé kejì mú, kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ máa kà á ní alẹ́, bí wọ́n ti ń ka owó ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ gbọ́dọ̀ lè dákẹ́. Ibi ìsọmọlórúkọ, ibi ìnáwó, ìdí ẹ̀rọ omi, kì í ṣe ibi tí a ti ń sọ pé ẹrù tuntun dé sí ṣọ́ọ̀bù bàbá àwọn ọmọ. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pẹ̀lú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó fẹ́ jẹ́ akọni lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé kéwú yóò ní, “Bàbá mi ní ìbọn ogún!” Ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbọ́ ọ ní ẹ̀gbọ́n kan nílé. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní wá burú ju èyí lọ, wọn a dúró níwájú ìbọn, wọn a ya fọ́tò, wọn a gbé e sórí WhatsApp kí gbogbo ayé rí i. Fọ́tò náà fi ìbọn hàn, ó fi àgádágodo hàn, ó fi ọ̀nà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn hàn. Kí ni olè tún ń wá?

Olè mọ kàlẹ́ńdà wa dáadáa. Ó mọ pé ní ọjọ́ Jímọ̀, láti bí aago kan ọ̀sán, ilé Mùsùlùmí á dákẹ́. Ó mọ alẹ́ àwẹ̀ Rámádáánì, nígbà tí gbogbo ilé bá lọ kí àṣámù. Ó mọ òwúrọ̀ Iléyá àti ti Ìtúnu Àwẹ̀, nígbà tí tọmọtọmọ bá wọ aṣọ tuntun lọ sí Yídì. Ẹ rántí ẹsẹ tí mo tọ́ka sí lókè, kí ilé pín ara rẹ̀ sí méjì. Bí ọkọ bá lọ kí Jímọ̀, kí ọmọkùnrin tí ó ti dàgbà lọ sí mọ́ṣáláṣí tí ó sún mọ́ ilé, tí ìrun rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀. Ní alẹ́ àwẹ̀, àṣámù ṣeé kí nílé, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ Yídì, obìnrin tí kò ní kírun lọ́jọ́ náà lè jókòó sílé pẹ̀lú ẹnì kan, kí ilẹ̀kùn wà ní títì.

Ẹni tí ń lọ sí Mẹ́kà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀ pé Alhaji ti rìnrìn àjò, wọ́n tilẹ̀ ti bá a ṣe ìdágbére. Kí ó kó ìbọn rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú ìbọn ti ìjọba lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí ó gba ìwé lé e. Ẹlòmíràn yóò ní, ṣé àgọ́ ọlọ́pàá kan náà ni, èyí tí àwọn jàǹdùkú fọ́ ní ọdún 2020? Òótọ́ ni, a kò gbàgbé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, nígbà tí ìwọ́de EndSARS dàrú, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá káàkiri Èkó, ti Èbúté Èrò wà lára wọn, wọ́n sì kó ìbọn nínú àwọn kan. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, wọ́n wọ Ìgá Ìdúngánràn, ààfin Ọba wa, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì gbé ọ̀pá àṣẹ jáde lójú gbogbo ayé. Kò sí àgádágodo tí ó lè dá irú èrò bẹ́ẹ̀ dúró. Ohun tí ó lè ṣe é ni pé kí ọjà má pọ̀ nílé. Oníbọn tí ìbọn mẹ́fà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tètè kó wọn kúrò nígbà tí ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹni tí ó kó ọgọ́ta jọ kò lè ṣe é. Kí ó má dúró di ìgbà tí táyà bá ń jó ní Ìdúmọ̀tà. Ṣùgbọ́n ní ti òru tí kò sí rògbòdìyàn, àgọ́ tí àwọn ènìyàn tí kò sùn ń ṣọ́ sàn ju ilé tí olówó rẹ̀ wà ní Mẹ́kà.

Àìpọ̀ ọjà tún dára fún ìdí kejì, òun ni ẹ̀tù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọdún 2012, ilé kan tí wọ́n kó bángà pamọ́ sí ní Jankárà bú gbàmù láàárọ̀. Ẹ̀mí bọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn farapa, iná sì ran àwọn ilé tí ó yí i ká. Bángà ọmọdé lásán ni, ohun tí wọ́n ń tà fún ọdún. Àwọn tí ń sùn lókè ilé náà àti àwọn ará ẹ̀gbẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni ra bángà. Oníbọn tí ó bá ń kó àpò ẹ̀tù àti páálí ọta jọ sábẹ́ yàrá tí ọmọ ń sùn sí, bí olè kò bá tilẹ̀ wá, àtùpà lè wá. Olè tí ó bá sì ń fi tọ́ọ̀ṣì àti iná gé irin lóru kò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn irin náà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀kùn irin, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. N kò fi èyí ṣe àwàdà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù dá ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró ní Mile 2, wọ́n tú u wò, wọ́n sì bá ìbọn 661 nínú páálí 49, ìbọn tí òfin kò gbà láyè, tí wọ́n fi ilẹ̀kùn irin àti ẹrù mìíràn bò mọ́lẹ̀. Láti ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ti kó wọn wá. Ilẹ̀kùn tí àwa ń rà nítorí olè ni wọ́n fi ṣe aṣọ ìbora fún ìbọn olè.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀, tí ẹ jí ní òwúrọ̀ tí ẹ bá ihò lára ògiri, ẹ má ṣe sáré wọlé. Olè lè wà nínú ilé síbẹ̀, ohun ìjà yín sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ gba ọ̀nà kejì jáde, ẹ pe 112 tàbí 767, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó yà sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì. Ẹ má jẹ́ kí aládùúgbò wọlé wá wòran, kí wọ́n má ba ojú ẹsẹ̀ àti ìka tí olè fi sílẹ̀ jẹ́. Ẹ mú ìwé kejì tí ó wà nílé, ẹ ka nọ́ńbà àwọn tí ó sọnù fún ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an, ìtìjú kì í ṣe ohun tí a ń dúró dè. Bí ó bá sì jẹ́ pé adigunjalè ni ó wọlé ní ojú yín, ẹ fún un ní ohun tí ó béèrè. Ìbọn ní nọ́ńbà tí a lè fi wá a. Ọkọ yín kò ní.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ. Bí oníbọn bá kú, kí ni opó rẹ̀ yóò ṣe? Kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé, àwọn ẹbí yóò ti máa béèrè ogún. Àbúrò ọkọ kan yóò ní kí wọ́n fún òun ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì yẹn fi rántí ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ má fi fún un. Ìwé àṣẹ kì í ṣe ogún, orúkọ òkú ni ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbé ìbọn náà kúrò nílé ti di ẹni tí ń gbé ìbọn láìní ìwé. Kí ìyá ilé ti yàrá inú, kí ó mú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sọ́dọ̀ ara rẹ̀ àti ọ̀dọ̀ àgbà kan tí kò ní ìpín nínú ogún, kí ó ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Kí wọ́n wá ka ìbọn àti ọta lójú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n fi wé ìwé àkọsílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kó wọn lọ sí ilé ìtọ́jú ìbọn, kí wọ́n sì fún un ní rìsíìtì tí nọ́ńbà gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Iye owó tí ìbọn náà bá mú wá lẹ́yìn tí a bá tà á fún ẹni tí ó ní àṣẹ, ìyẹn ni ó di ogún.